Ohun tí ojú mi rí nídìí rọ́kà mẹ́jọ: Bí a ṣe jí ẹ́ńjìnnì 504 bàbá mi dìde

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ wa láàárín ọdún 1975 sí 1995, bí wọ́n bá di í lójú, tí wọ́n ní kó fi etí nìkan mọ ọkọ̀ tó ń bọ̀, kò ní í ṣi Peugeot 504 mọ̀. Ìró rẹ̀ yàtọ̀. Kì í pariwo bíi ti mọlúẹ̀, kì í sì í dákẹ́ bíi tàwọn ọkọ̀ òde òní tí èèyàn kì í mọ̀ pé wọ́n ti tàn. Ó máa ń kùn ni, bí àgbàlagbà tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Nílé tiwa, ìró yẹn ló ń jí wa láàárọ̀. Bí bàbá mi, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà, bá ti tan mọ́tò, tó ń dúró kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ ṣì wà lórí ẹní.

Ọdún 1982 ni bàbá mi ra ọkọ̀ náà. Ó lò ó títí agbára òun fúnra rẹ̀ fi ń dín kù, nígbà tó sì jáde láyé lọ́dún 2016, abẹ́ àtíbàbà páànù lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn ni ọkọ̀ wà, tí adìyẹ ń yé ẹyin sínú búùtù rẹ̀. Àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́mù kò yé wá bẹ ilé wa wò. Àwọn àbúrò mi ní ká tà á, ká fi àyè ibẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Màmá wa kò sọ pé ká tà á, kò sì sọ pé ká má tà á. Ohun tó sọ kò ju pé: "Ẹ jẹ́ kí n tún gbọ́ ìró rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó fà á lọ."

Ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí ló gbé mi dé ibi tí n kò rò. Ó gbé mi dé ọjà, ó gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù, ó sì ná mi lówó àti àkókò. Irin kékeré kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní rọ́kà, ló sì fa gbogbo rẹ̀. Mẹ́jọ péré ni wọ́n nínú ẹ́ńjìnnì 504.

IRIN KÉKERÉ TÓ Ń ṢE IṢẸ́ ŃLÁ

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín, ẹ jẹ́ ká ṣí orí ẹ́ńjìnnì wò. Nínú ẹ́ńjìnnì tó ń mu pẹtiróòlù, epo àti afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé, kí wọ́n gbiná, kí èéfín sì jáde. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọlé àti èyí tí wọ́n ń gbà jáde ni à ń pè ní fáàfù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, òkè orí ẹ́ńjìnnì ni kámúṣáàfù tó ń ṣí àwọn ilẹ̀kùn yìí wà. Ti 504 kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, ni kámúṣáàfù tirẹ̀ wà. Bó ti ń yí, á ti tápẹ́ẹ̀tì sókè, tápẹ́ẹ̀tì á ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ púṣírọ́ọ̀dù, ọ̀pá náà á sì ti ìdí rọ́kà. Rọ́kà wá dà bíi pákó tí àwọn ọmọdé gbé dábùú òkúta, tí wọ́n jókòó sí ìhà méjèèjì: bí ìhín bá gòkè, ọ̀hún á lọ sílẹ̀. Bí ìdí rọ́kà bá gòkè, ẹnu rẹ̀ á tẹ fáàfù mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí. Bí ìdí bá padà sílẹ̀, sípíríìnì á dá fáàfù padà, ilẹ̀kùn á sì pa dé.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, kámúṣáàfù ń yí ní ìgbà 2,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé rọ́kà kọ̀ọ̀kan ń tẹ fáàfù rẹ̀ ní ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rin wákàtí kan ààbọ̀ lórí eré bẹ́ẹ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó, rọ́kà kan á ti tẹ fáàfù ní ìgbà 180,000. Kò sí ẹni tó lè gún iyán bẹ́ẹ̀ kí apá rẹ̀ má ro ó.

Ohun kan ṣì kù. Irin máa ń fẹ̀ bó bá gbóná. Nítorí náà, àlàfo tín-ín-rín gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹnu rọ́kà àti ìdí fáàfù. Lórí 504 tó ń mu pẹtiróòlù, àlàfo yẹn jẹ́ mílímítà 0.10 fún fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì jẹ́ 0.25 fún èyí tó ń tú èéfín jáde, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bí mẹkáníìkì bá sọ fún yín pé òun fẹ́ sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì, àlàfo yìí ló fẹ́ tún wọ̀n.

Ẹ́ŃJÌNNÌ TÓ TI FI ARA HÀN LÓJÚ ỌGUN

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọkọ̀ àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé lásán ni mò ń yìn. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tó sì di 1969, òun ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ tó peregedé jù lọ nílẹ̀ Yúróòpù lọ́dún náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, 404, ti gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1963, ó sì tún gbà á ní 1966, 1967 àti 1968. Nígbà tó di 1975, Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi 504 gba ipò kìíní nínú Safari yìí kan náà. Lọ́dún yẹn náà ni Hannu Mikkola, ọmọ ilẹ̀ Finland, fi 504 borí ní Morocco. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń sá nínú ẹrẹ̀, òkúta àti eruku.

Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi sáré náà ṣe kó lè lágbára sí i, dípò kabúrétọ̀ wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo sí i. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ti ọkọ̀ tí bàbá mi ń gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́: kámúṣáàfù ìsàlẹ̀, púṣírọ́ọ̀dù àti rọ́kà mẹ́jọ. Ibi tí epo ti ń gbiná nínú rẹ̀ rí rogodo bí inú igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, fáàfù méjèèjì sì fì sí ọ̀tún àti òsì kí ẹ́ńjìnnì lè mí dáadáa. Rọ́kà ló jẹ́ kí kámúṣáàfù kan ṣoṣo tó wà nísàlẹ̀ lè ṣí àwọn fáàfù tó wà lókè tí wọn kò kọjú síbì kan náà. Bí rọ́kà bá ṣàìsàn, gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n dá sí ẹ́ńjìnnì yẹn ti wọmi.

Nílẹ̀ wa, ọdún 1972 ni ìjọba àpapọ̀ àti Peugeot fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kaduna. Láti ibẹ̀ ni 504 ti gba ìgboro kan. Dókítà ń gùn ún, adájọ́ ń gùn ún, ọlọ́pàá ń gùn ún, àwọn awakọ̀ sì ń fi èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn kó èrò láti ìlú dé ìlú.

OHUN TÍ MO FI ÌKÁNJÚ ṢE

Ọdún 2022 ni mo pinnu pé a ó jí ọkọ̀ náà. Ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń tọ́jú rẹ̀ nígbà ayé bàbá mi ṣì wà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, mo sì rò nínú ara mi pé iṣẹ́ á ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún ọkọ̀ tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ṣe. Ọmọ náà já fáfá nídìí ọkọ̀ ìgbàlódé. Ó ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tó máa ń kì bọ ọkọ̀, tí yóò sì sọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n 504 kò ní ibi tí wọ́n ń ki kọ̀ǹpútà bọ̀. Etí àti ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta fọ táǹkì àti kabúrétọ̀, ẹ́ńjìnnì sì tàn. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ariwo kan ń ti orí rẹ̀ jáde, ta-ta-ta-ta, bí ìgbà tí ẹyẹ àkókó bá ń sọ igi. Ọmọ náà sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì, ariwo kò lọ. Ó tún un ṣe, kò lọ. Ló bá fún sukúrù rọ́kà sí i díẹ̀, ó tún fún un díẹ̀ sí i, títí ariwo fi dákẹ́. Èmi alára yìn ín, mo sì fún un lówó. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì lè gun òkè Màpó mọ́. Nígbà tí wọ́n tú u, fáàfù kan tó ń tú èéfín jáde ti jóná, etí rẹ̀ ti jẹ bí ìkòkò tó fá lẹ́nu.

Wọ́n ní kí n ra fáàfù tuntun, kí n sì kúkú pààrọ̀ gbogbo rọ́kà. Mo lọ sí ọjà kan tí n kò ní í dárúkọ, mo ra rọ́kà mẹ́jọ tuntun nínú páálí tí wọ́n kọ orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí lára. Wọ́n ń dán bíi dígí. Lẹ́yìn oṣù méjì, ariwo padà wá, èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. A tú u. Ẹnu rọ́kà tuntun ti jẹ wọnú, lúbúlúbú irin sì wà nínú ọ́ìlì, ó ń dán wínníwínní bí iyanrìn etí odò. Irin rírọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n kàn dán ojú rẹ̀ ni. Ọlọ́jà náà kò sì mọ̀ mí rí nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọ̀gá àgbà.

"RỌ́KÀ ÀTIJỌ́ DÀ?"

Mo bá a lábẹ́ igi máńgòrò tí mo mọ̀ ọ́n sí láti kékeré. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ orúkọ bàbá mi, ó sì dá mi mọ̀. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Rọ́kà àtijọ́ dà?"

Ọpẹ́lọpẹ́ màmá mi. Èmi ti fẹ́ dà wọ́n nù, òun ló kó wọn sínú agolo mílíìkì, tó ní a kì í da ohun tó jẹ́ ti bàbá wa síta báyẹn. Nígbà tí mo gbé agolo náà dé, ọ̀gá mú rọ́kà kan, ó fi èékánná ra ẹnu rẹ̀, ó sì nà án sí mi. "Wá fọwọ́ bà á. Ṣé o rí kòtò yìí? Ìdí fáàfù ló gbẹ́ ẹ, ó ti ń gbá a láti ogójì ọdún. Irin tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, pẹlẹbẹ ni. Bí o bá kì í bọ àárín, kò lè wọnú kòtò, etí kòtò méjèèjì ló máa jókòó lé. Irin á sọ fún ọ pé 0.10 ni, bẹ́ẹ̀ àlàfo tó wà níbẹ̀ gan-an lè tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ariwo kò fi lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á máa fún un, á máa fún un, títí fáàfù kò fi ní í lè pa dé mọ́."

Ẹ̀yin èèyàn wa, gbólóhùn yìí nìkan tó owó tí mo ná. Fáàfù tó ń tú èéfín jáde ń gba iná lára nígbà gbogbo, ìgbà tó bá jókòó dáadáa sí àyè rẹ̀ ni ooru ara rẹ̀ máa ń ráyè kúrò. Bí wọ́n bá fún rọ́kà jù, kò ní í jókòó mọ́. Iná á máa gba etí rẹ̀ jáde, á sì jẹ ẹ́ bí ikán ti ń jẹ igi. Rọ́kà tó ń ké ń sọ àìsàn rẹ̀ fún wa ni. Àwa ni a pa á lẹ́nu mọ́ láìwò ó sàn.

Ọ̀gá ní rọ́kà bàbá mi kò tíì kú. Ẹnu ló jẹ, ikùn sì fẹ̀ díẹ̀ níbi tí irin gígùn tó gbé wọn ró gbà kọjá. Irin inú wọn ṣì le. Ó mú fáìlì tuntun, ó fà á lára ọ̀kan lẹ́bàá ẹnu, fáìlì yọ̀ kọjá bí ẹni pé orí dígí ni wọ́n fà á sí. Ó fà á lára èyí tí mo rà lọ́jà, fáìlì jẹ ẹ́ bí ọ̀bẹ ti ń jẹ iṣu. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn wò mí.

BÍ A ṢE WÁ OJÚLÓWÓ

Ìdánwò kejì ni èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Ọ̀gá rẹ gbogbo rọ́kà sínú kẹrosíìnì títí di ọjọ́ kejì. Ó nù wọ́n gbẹ, ó wá lọ ẹfun kúnná, ó sì fi kùn wọ́n lára funfun báláú. A jókòó, a ń wò wọ́n. Kò pẹ́ tí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan fi yọ lára ọ̀kan, lẹ́bàá ibi tí sukúrù ti wọlé. Kẹrosíìnì tó ti sá sínú ibi tó sán ló ń jáde bọ̀ wá sínú ẹfun. Ojú lásán kò lè rí i tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé irú ọgbọ́n yìí, òróró àti lẹ́búlẹ́bú funfun, ni àwọn ilé-iṣẹ́ rélùwéè láyé àtijọ́ fi ń wá ibi tó sán lára irin ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀gá ju rọ́kà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èyí ti kú. Bó bá kán lórí eré, á kó bá àwọn ìyókù."

Nítorí ọ̀kan yìí ni mo fi rin ìrìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo dé ọjà Aráròmí ní Agodi Gate, mo dé Ládípọ̀ ní Mushin, mo sì ránṣẹ́ dé Nnewi. Ìmọ̀ràn ọ̀gá ni mo ń tẹ̀ lé, mo sì kọ ọ́ síbí fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó.

Èkíní, ẹ má ṣe ra rọ́kà ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá lè rí odindi, ìyẹn gbogbo rẹ̀ lórí irin tó gbé wọn ró, bí wọ́n ṣe tú u lára ẹ́ńjìnnì. Àwọn tó ti ń jẹra wọn láti ọjọ́ pípẹ́ ti mọ ara wọn. Èkejì, ẹ mú èyí tó bàjẹ́ lọ́wọ́ lọ sí ọjà, kí ẹ gbé e lé èyí tí wọ́n ń tà, kí ẹ fi ojú wọn gígùn, gíga àti ihò rẹ̀. 504 tó ń mu dísù ní rọ́kà tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì lè ṣiṣẹ́ níbí. 505 tó ní kabúrétọ̀ bá ẹ́ńjìnnì yìí tan, síbẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀kẹta, ẹ mú fáìlì kékeré dání. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ kí ẹ fi fáìlì kan ọjà rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè yín. Ẹ̀kẹrin, ẹ mi rọ́kà lórí irin tó gbé e ró. Bó bá rọra yí, ó dára. Bó bá ń fì sọ́tùn-ún sósì, ikùn rẹ̀ ti fẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe bẹ̀rù ìdọ̀tí. Ọ́ìlì dúdú tó gbẹ mọ́ ọn lára ti dáàbò bò ó. Ìpata tó ti jẹ ẹnu rọ́kà sí ihò-ihò ni kí ẹ sá fún.

Ládípọ̀ ni mo ti rí i nígbẹ̀yìn, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní bẹ́líjíọ̀mù. Orí 504 kan wà nísàlẹ̀ ẹrù rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Ó ní òun kò ní í tú ẹyọ kan tà. Mo ra odindi, inú mi sì dùn bí ẹni rí owó he.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TÚN UN ṢE

Nínú rọ́kà tó dára tó wà lọ́wọ́ wa báyìí, ọ̀gá ṣa mẹ́jọ tí wọ́n sún mọ́ ara wọn jù. Ó so wáyà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi nọ́ńbà sí i, láti èkíní níwájú dé ìkẹjọ lẹ́yìn. Lórí irú ẹ́ńjìnnì yìí, ti fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé àti ti èyí tó ń tú èéfín jáde kì í ṣe ìkan náà, ẹni tó bá sì dà wọ́n pọ̀ ti dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹnu ló kọ́kọ́ mú. Ẹnu rọ́kà kò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó tẹ̀ kọrọdọ díẹ̀, kó lè máa yí gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lórí ìdí fáàfù láìhá a. Ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán gbé e sí ẹ̀rọ ìpọ́nrin á sọ ọ́ di pẹrẹsẹ, á sì máa ti fáàfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ojú ọ̀nà fáàfù fi máa fẹ̀. Ọ̀gá ní irin kan tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ó máa ń fi rọ́kà kọ́ ọ, rọ́kà á wá máa fì lọ fì bọ̀, ẹnu rẹ̀ á sì máa kan òkúta ní ọ̀nà tó tẹ̀ bíi ti ìpìlẹ̀ṣẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, ó ń kì í bọ omi léraléra kó má gbóná. Bí irin bá gbóná títí tó fi di aró, líle rẹ̀ ti lọ. Àti pé, òde ara rọ́kà nìkan ni wọ́n mú le, bí èèpo ẹyin. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ ju èèpo yẹn lọ, inú rírọ̀ ló kàn. Òfin ọ̀gá ni pé òun kì í bù ju mílímítà 0.2 lọ; èyí tí kòtò rẹ̀ bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wá òmíràn.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọn kò fi jó irin lé e kí wọ́n tún un gbẹ́. Ó ní àwọn kan ń ṣe é, ṣùgbọ́n iná wẹ́dà á ba líle tó wà lára rẹ̀ jẹ́, ó sì lè dá ojú sísán tuntun sílẹ̀. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò bá tún mú irin náà le padà, àmúlùmálà ló ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan ikùn. A gbé èyí dé ọ̀dọ̀ tọ́nà. Ó fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò tó ti fẹ̀ náà yípo dáadáa, ó fi idẹ ṣe búùṣì tín-ín-rín, ó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ó lu ihò ọ́ìlì ní ibi tí ti àtijọ́ wà gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá gbàgbé ihò yìí, rọ́kà á máa yí láìmu ọ́ìlì, ọ̀sẹ̀ kan kò sì ní í pé tó fi máa há. Níkẹyìn, ó gbẹ́ inú idẹ náà títí ó fi gba irin tó gbé e ró, pẹ̀lú àlàfo tí kò tó ìwọ̀n ìbú irun orí kan. Irin gígùn náà, èyí tó wá láti Ládípọ̀ la mú, nítorí ti bàbá mi ti jẹ nísàlẹ̀ níbi tí ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá fi wáyà tú gbogbo ihò ọ́ìlì rẹ̀. Ẹ bá mi wo ìdọ̀tí tó jáde, dúdú bí ọṣẹ dúdú. Àìrí ọ́ìlì mu yìí ni ọ̀gá ní ó jẹ rọ́kà wọ̀nyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má rò pé ìyà ló ń jẹ wá tí a fi ń tún àlòkù ṣe. Àwọn tó ní Mini Cooper S àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá rọ́kà rẹ̀ tí wọ́n fi irin lílù ṣe, wọ́n sì ń pààrọ̀ búùṣì rẹ̀. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì Hemi tí Chrysler ṣe, èyí tí Richard Petty fi gba ipò kìíní ní Daytona lọ́dún 1964, kì í fi rọ́kà ojúlówó rẹ̀ ṣeré rárá. Ohun tí ọ̀gá ń ṣe lábẹ́ igi máńgòrò, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ wọ̀ fún níbẹ̀ ni.

ỌJỌ́ TÍ Ó KÙN

Ọ̀gá fi ọ́ìlì pa gbogbo rẹ̀ lára kó tó dè é. Ó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì, ó ń wọn àlàfo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 0.10 níbí, 0.25 lọ́hùn-ún. Ó tún kìlọ̀ nípa ọ́ìlì. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń dín àwọn èròjà kan, zinc àti phosphorus, kù nínú ọ̀pọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ kékeré tuntun, nítorí ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín. Bẹ́ẹ̀, àwọn èròjà yìí ló ń dáàbò bo ibi tí irin ti ń fi ara ra irin nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́. Ẹni tó bá ní 504 tàbí 404 gbọ́dọ̀ bèèrè ọ́ìlì tó bá ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ mu, kó má kàn ra èyí tí owó rẹ̀ wọ́n jù.

Nígbà tó tàn án, a dákẹ́. Ta-ta-ta ti lọ. A sá a fún wákàtí díẹ̀, a da ọ́ìlì rẹ̀ sílẹ̀, a fi òòfà wá inú rẹ̀, kò sí lúbúlúbú irin.

Mo gbé ọkọ̀ dé ilé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. N kò wọlé. Mo jẹ́ kó dúró síta, kó máa ṣiṣẹ́. Màmá mi jáde, ó fi ọwọ́ di òpó mú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Ó ń kùn," ló wí. Ó padà wọlé. Kò tún sí ẹni tó dárúkọ títà ọkọ̀ náà nílé wa mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Lọ́jọ́ tí mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, mo bi í pé ta ni yóò gba irin tó fi ń lọ rọ́kà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tí òun kọ́ ti lé ní ogún, kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ń ki bọ ọkọ̀ báyìí, òun kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ibẹ̀ ni owó wà. Òtítọ́ ló sọ. Síbẹ̀, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ọ̀gá yìí ló gbà mí sílẹ̀, lẹ́yìn tí aṣọ tuntun inú páálí ti dójú tì mí.

Rọ́kà ojúlówó ṣì wà lábẹ́ ẹrù ní Ládípọ̀ àti ní Aráròmí, ẹni bá wá a á rí i. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ló ń tán lọ. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó bá ní ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé rọrùn. Ẹ má ṣe ju rọ́kà àtijọ́ nù, ẹ tètè lọ wá ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n, bí ẹ bá sì ń lọ, ẹ mú ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin kan dání tí yóò dúró ti ọ̀gá, tí yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀. Èmi ti mú mẹkáníìkì mi, ọmọ oníkọ̀ǹpútà tó sun fáàfù mi, lọ síbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé kẹta rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò nìyí. Ọ̀gá ní kò tíì mọ ẹnu rọ́kà í lọ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ bí a ṣe ń fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò.